Èwo Nínú Alángbá Ni Inú Ń Run?

 

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí mo ń fi í ṣe àpẹẹrẹ bí Yorùbá ṣe ń lo ẹranko láti sọ̀rọ̀ ènìyàn. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òwe náà yóò wọ ilé ẹbí mi. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì ohùn tàbí àkọtọ́. Ọ̀rọ̀ inú rírun àwọn obìnrin wa ni. Ó dá lórí àìsàn kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní endometriosis, àti ìbátan tó wà láàrin rẹ̀ àti jẹjẹrẹ ilé-ẹyin. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi mí pé kí ló kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, kí ó jọ̀wọ́ fi sùúrù bá mi dé ìsàlẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà tí ń fúnni lóògùn. Dókítà èdè ni mí. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé èdè wà nínú ohun tí ó ń ṣe àwọn aláìsàn yìí.

Mo ní àbúrò obìnrin kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀tà, ní ilẹ̀ Àwórì, ni a ti dàgbà. Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ rí ni iṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà ní agbègbè Ṣàngó-Ọ̀tà. Ẹni tó bá mọ agbègbè náà kò nílò àlàyé: ilé-iṣẹ́ irin, ti ike, ti oúnjẹ, ti oògùn, wọ́n tò lọ láti ojú títì Èkó sí Abẹ́òkúta títí dé ojú ọ̀nà Ìdíìrókò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, abẹ́ bíríìjì Ṣàngó ti kún fún ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ń sáré kí géètì má bàa tì mọ́ wọn. Káṣúwà ni àbúrò mi nígbà náà. Ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún. Ọjọ́ tí kò bá wá, ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn.

Lóṣooṣù, bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti ń súnmọ́lé, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni kò ní lè nàró. Yóò ká jọ sórí ẹní bí ẹni tí wọ́n fi okùn dì. Bí ó bá fẹ́ yàgbẹ́, omijé ni. Súpáfáísọ̀ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ìyá wa, tí kò ní ìkà nínú rárá, ní, "Fara dà á, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe èmi. Bí o bá ti bímọ, yóò lọ." Ní ilé ìwòsàn kékeré tí ó kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ibà ni. Ní òmíràn, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Ní ẹ̀kẹta, wọ́n ní àrùn tí ọkùnrin kó ràn án ni, ọ̀rọ̀ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ká. Àwọn alágbo abẹ́ bíríìjì náà kò gbẹ́yìn: ìgò kan fún inú rírun, ìgò kan fún jẹ̀díjẹ̀dí, ìgò kan tí yóò "fọ ilé ọmọ mọ́". Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi ń kiri báyìí. Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn ńlá kan fi ẹ̀rọ tín-ínrín tó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu wo inú ikùn rẹ̀, wọ́n sì rí i.

Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ̀gbọ́n, ó lórúkọ!" Kò tíì sàn o, wọn kò tíì fún un ní oògùn kankan, síbẹ̀ ó ń yọ̀. Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ nípa orúkọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò tíì gbọ́ gbólóhùn tó fi agbára orúkọ hàn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí ni àìsàn náà? Nínú ilé ọmọ obìnrin, awọ rírọ̀ kan wà tó tẹ́ inú rẹ̀. Lóṣooṣù ni awọ yìí ń nípọn láti retí oyún. Bí oyún kò bá sì dúró, yóò wó dànù pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan oṣù nìyẹn. Nínú endometriosis, ohun tó jọ awọ yìí máa ń hù síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀: lára ilé-ẹyin, ìyẹn ibi tí ẹyin obìnrin ti ń gbó, lára ọ̀nà tí ẹyin ń gbà kọjá, lẹ́yìn ilé ọmọ, lára ìfun, lára àpò ìtọ̀. Níbi tó bá wà, ó ń gbọ́ àṣẹ họ́mọ́ọ̀nù oṣooṣù gẹ́gẹ́ bí ti inú ilé ọmọ. Òun náà ń wú, òun náà ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ara yóò gbóná sí i, ọgbẹ́ yóò di àpá, àpá yóò lẹ ìfun mọ́ ilé ọmọ. Lára ilé-ẹyin, ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ lè kó jọ di àpò omi dúdú. Ìrora nǹkan oṣù, ìrora nígbà ìbálòpọ̀, ìrora nígbà ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀, àti àìtètè lóyún, gbogbo wọn lè ti ibẹ̀ wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé bí ìdá 10 nínú 100 àwọn obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ló ní in, ìyẹn nǹkan bí mílíọ̀nù 190 káàkiri ayé.

Ẹnìkan lè sọ pé àìsàn àwọn òyìnbó ni. Kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ irọ́ náà. Inú ìwé ìṣègùn ni ó ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1940, Joe Vincent Meigs, oníṣègùn pàtàkì kan ní ìlú Boston, ń kọ́ni pé àwọn obìnrin ọlọ́lá tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó lọ́kọ kí wọ́n tó bímọ ni àìsàn yìí ń bá jà. Wọ́n wá ń kọ́ àwọn dókítà pé bí obìnrin aláwọ̀ dúdú bá ní inú ń run òun, àkóràn láti ara ọkùnrin ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ọdún 1976 ni Donald Chatman, oníṣègùn kan ní Chicago, kọ̀wé pé òun wo inú ikùn àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, òun sì rí àìsàn náà lára bí ẹnìkan nínú márùn-ún wọn, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé àkóràn ni. Nílé wa níbí, àwọn oníṣègùn Ìbàdàn gbé ìwádìí jáde ní ọdún 2015 lórí àwọn obìnrin tí wọ́n ń wo inú ikùn wọn ní ilé ìwòsàn. Wọ́n rí i lára àwọn tó súnmọ́ ìdajì wọn. Kì í ṣe pé ìdajì gbogbo obìnrin ìlú ló ní in, nítorí ara àwọn tó gbé ẹ̀dùn ọkàn wá sí ilé ìwòsàn ni wọ́n ti wò ó. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ̀ pé àìsàn náà ń bẹ láàrin wa, àwa ni a kò mọ̀ ọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ẹgbẹ́ Endometriosis UK sọ ní ọdún 2024 pé ọdún 8 àti oṣù 10 ni ìpíndọ́gba àkókò tí aláìsàn ń lò kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe òun. Àbúrò mi àti àwọn ará Lọ́ńdọ́nù dọ́gba lórí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò dọ́gba lórí nǹkan mìíràn.

Wàyí o, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2024, fóònù mi dún ní òru. Àbúrò mi ni, ẹkún ni ó fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé jẹjẹrẹ ni mo ní yìí?" Ẹnìkan ti fi ohùn kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ní èdè Yorùbá tó já gaara, tó ń sọ pé àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti wádìí rẹ̀ dájú: endometriosis ń fa jẹjẹrẹ ilé-ẹyin, ìlọ́po mẹ́rin! Kí gbogbo ẹni tó bá ní in lọ yọ ilé ọmọ rẹ̀ kíákíá, tàbí kí ó pe nọ́ńbà kan fún oògùn ìbílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni àbúrò mi nígbà náà, kò sì tíì bímọ.

Ìwádìí náà wà lóòótọ́. Mo lọ kà á, mo sì ní kí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ oníṣègùn obìnrin là á yé mi. Ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, lórí àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin tó ní endometriosis tó lé ní 78,000, tí wọ́n fi wé àwọn tí kò ní in. Wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ilé-ẹyin wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ní in ní bí ìlọ́po mẹ́rin. Láàrin àwọn tí tiwọn wọlé jinlẹ̀ sára tàbí tó di àpò ẹ̀jẹ̀ lára ilé-ẹyin, ó súnmọ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan náà ni pé àwọn olùwádìí náà kọ ìyókù rẹ̀ síbẹ̀, ìyókù yẹn sì ni ẹni tó gbé ohùn jáde kò sọ.

Ìlọ́po mẹ́rin kí ni? Ìbéèrè tó yẹ kí á bi ara wa nìyẹn. Ìlọ́po mẹ́rin kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ mẹ́rin ni. Kò ra gúgúrú. Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wò ó pé a kó ẹgbàárùn-ún obìnrin jọ, ìyẹn 10,000, tí gbogbo wọn ní endometriosis, a sì kó ẹgbàárùn-ún mìíràn tí kò ní in jọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohun tí ìwádìí Utah sọ ni pé àwọn tí jẹjẹrẹ ilé-ẹyin bá jà ní ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ yóò fi bí ènìyàn mẹ́wàá ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ènìyàn mẹ́wàá nínú ẹgbàárùn-ún! Ẹni ẹlẹ́ni ni ènìyàn mẹ́wàá náà, n kò fojú kéré wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹgbàárùn-ún náà ni kò ní rí àrùn yìí láéláé. Bí a bá sọ "ìlọ́po mẹ́rin" tí a kò sọ èyí, a kò purọ́, ṣùgbọ́n a ti ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ìbátan náà kì í ṣe ohun tuntun. Ọdún 1925 ni John Sampson, oníṣègùn kan ní ìlú Albany ní New York, ti kọ̀wé pé òun rí jẹjẹrẹ tó ti inú endometriosis yọ lára ilé-ẹyin. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí ilẹ̀ Kánádà rí i pé jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní ARID1A ti bàjẹ́ nínú bí ìdajì àwọn jẹjẹrẹ ilé-ẹyin tí sẹ́ẹ̀lì wọn máa ń mọ́ gaara lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi. Nínú àwọn aláìsàn méjì, wọ́n rí ìbàjẹ́ kan náà nínú endometriosis tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹjẹrẹ náà. Ní ọdún 2012, wọ́n pa ìwádìí 13 pọ̀, wọ́n sì rí i pé oríṣi jẹjẹrẹ ilé-ẹyin tó ṣọ̀wọ́n ni ìbátan náà wà pẹ̀lú. Wọn kò rí i pẹ̀lú oríṣi tó wọ́pọ̀ jù, tó sì ń pa ènìyàn jù. Nígbà tó di ọdún 2017, wọ́n tún rí i pé irú jíìnì tó bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ lè wà nínú endometriosis obìnrin tí kò ní jẹjẹrẹ kankan. Ìbàjẹ́ jíìnì nìkan kò tó. Ọ̀nà wà láti ibí dé ọ̀hún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ ni kì í rin ọ̀nà náà.

Ibí yìí ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tí ẹni tó gbé ohùn jáde lò: *fa*. "Endometriosis ń fa jẹjẹrẹ." Ní èdè wa, ohun tó bá fa nǹkan ni ó bí i. Ẹ̀fọn ń fa ibà; òjò fa ẹrẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ *fa*, ó ti gbọ́ pé bí èyí bá wà, ìyẹn ń bọ̀ dandan. Ẹlòmíràn á ní kí a lo *ewu*: "ewu jẹjẹrẹ ń bẹ." Òun náà kò tó. Ewu tí Yorùbá mọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà tán. Bí a bá ní ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, a kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣírò rẹ̀, a ní kí ó sá ni. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan nínú èdè wa tó dúró déédéé fún ohun tí àwọn oníṣirò ń sọ. Ṣùgbọ́n èdè wa ní bí a ṣe ń sọ ọ́. A lè sọ pé: "Nínú ẹgbàárùn-ún obìnrin tó ní i, bí mẹ́wàá ni ó fi ju ti àwọn tí kò ní i lọ." Yorùbá kedere ni. Ìyá mi tí kò kàwé gbọ́ ọ yé. Ọjà ni ó ti ń ṣírò láti kékeré. Kò sí ẹni tó lè fi ìlọ́po tan án jẹ bí ó bá ti mọ iye tí a fi ń lọ́po.

Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní fara mọ́ èrò mi. Ọ̀rẹ́ mi oníṣègùn náà sọ fún mi pé, nígbà mìíràn, òun kì í dárúkọ jẹjẹrẹ fún aláìsàn rárá, nítorí pé bí òun bá ti dárúkọ rẹ̀, aláìsàn kò ní gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Mo gbọ́ ọ yé. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà kò sọ, WhatsApp yóò sọ ọ́, kò sì ní sọ ọ́ tán. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ó sàn kí ọwọ́ tó mọ bí a ṣe ń gbé e ni ó gbé e fún aláìsàn. Àwọn mìíràn ní kí n fi Yorùbá sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣègùn, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó kàwé gboyè, síbẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án kọjá lórí rẹ̀. Èdè tí a fi ń sunkún ni a fi ń béèrè ìrànlọ́wọ́.

Kí ni èdè náà ní fún un? *Inú rírun*. Ẹni tó jẹ ẹ̀wà jù, inú ń run ún. Ọmọdé tó ní aràn, inú ń run ún. Obìnrin tí ìfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, òun náà inú ń run ún. Alángbá gbogbo danú délẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi bá sọ fún súpáfáísọ̀ pé inú ń run òun, ohun tí súpáfáísọ̀ gbọ́ ni ẹ̀wà.

Níbí ni mo ti fẹ́ bá àwa onímọ̀ èdè wí, kí n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Láti ọdún 1984 tí ìwé èdè-ìperí Yorùbá ti kọ́kọ́ jáde lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, a ti ní orúkọ fún fáwẹ́lì àti kọ́ńsónáǹtì, fún ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe, títí dé ohun tí ahọ́n ń ṣe nínú ẹnu. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lẹ́nu, a kò bìkítà fún ohun tó wà níkùn. Orúkọ kan lè wà fún endometriosis nínú ìwé atúmọ̀ kan níbì kan. Bí kò bá tíì dé abẹ́ bíríìjì Ṣàngó, a kò tíì sọ ọ́ lórúkọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo wo ilé. *Endo* ni "inú" ní èdè Gíríìkì, *metra* ni "ilé ọmọ", *-osis* sì ń tọ́ka sí ipò tàbí àìsàn. Bí a bá tú u bẹ́ẹ̀, a óò ní "àìsàn inú ilé ọmọ", èyí tí kì í ṣe òótọ́, nítorí pé ìta ilé ọmọ gan-an ni ìjà wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dá "inú rírun olóṣooṣù" lábàá. Mo kọ̀ ọ́, nítorí ó tún dá wa padà sí ọ̀dọ̀ alángbá. Ẹnìkan dá "ọmọ-ìyá jẹjẹrẹ" lábàá. Mo kọ ìyẹn pátápátá, nítorí endometriosis kì í ṣe jẹjẹrẹ. Èyí tí èmi fara mọ́ ni *àrùn awọ aṣáko*. Awọ tó ṣáko kúrò nílé, tó lọ jókòó sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe orúkọ pípé, nítorí àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí awọ náà ṣe dé ibi tó dé. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì rọrùn lẹ́nu. Bí òṣìṣẹ́ kan bá sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé "mo ní àrùn awọ aṣáko", ọ̀gá náà yóò béèrè pé kí nìyẹn. Ìbéèrè yẹn nìkan, ọdún mẹ́sàn-án ni ó lè gbà sílẹ̀.

Orúkọ burúkú náà sì ń ṣe ìbàjẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún àwọn aláìsàn yìí ni oògùn oníhọ́mọ́ọ̀nù kan tí gbogbo wa mọ̀ sí *oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí*. Ẹ fi ara yín sí ipò ìyá tó mú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ sí ilé ìwòsàn nítorí inú rírun, tí wọ́n wá kọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọmọ náà. Ìyá náà yóò gbé ọmọ rẹ̀, yóò sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Kì í ṣe oògùn ni ó kọ̀, orúkọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn yìí kan náà, gẹ́gẹ́ bí àkójọpọ̀ ìwádìí 45 láti orílẹ̀-èdè 21 tó jáde ní ọdún 2008 ti fi hàn, máa ń dín jẹjẹrẹ ilé-ẹyin kù. Láàrin àwọn tó lò ó fún bí ọdún 15, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín in kù sí ìdajì. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ni ó bá lára mu, dókítà ni yóò sì pinnu. Ṣùgbọ́n ṣé kò yẹ kí a máa pè é ní "oògùn atu-họ́mọ́ọ̀nù-lójú" fún ọmọ tó ń lò ó nítorí ìrora? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, iṣẹ́ ìwádìí wà níbẹ̀ o.

Kí obìnrin tó ní àrùn yìí wá ṣe kí ni? Ohun tí wọ́n sọ fún àbúrò mi ni mo lè sọ. Kí ó má sáré yọ ohunkóhun nítorí ohùn orí fóònù. Kí ó jẹ́ kí dókítà kan náà máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ wo àpò tó wà lára ilé-ẹyin rẹ̀ lásìkò tí wọ́n bá dá fún un. Bí ikùn bá ń wú tí kò lọ sílẹ̀, bí oúnjẹ díẹ̀ bá ń tètè yóni, bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́, bí ìrora tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ bá yí ìwà padà, kí ó tètè lọ sọ ọ́. Kí ó sì má ra àyẹ̀wò jẹjẹrẹ lọ́wọ́ oníṣòwò, nítorí kò tíì sí àyẹ̀wò kan tí a lè fi yẹ gbogbo obìnrin tí ara wọn dá wò tó ti fi hàn pé ó ń dín ikú jẹjẹrẹ ilé-ẹyin kù. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá: ìrora tó ń jà lónìí ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú, kì í ṣe ìbẹ̀rù ọ̀la.

Ọ̀tà tí a ti wá jẹ́ ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn àṣà tó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé. Kí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí kò ṣe pé àwọn ọkùnrin gbé ère rù, wọ́n dira bí obìnrin, wọ́n ń jó láti fi tu àwọn ìyá wa lójú? Ìlú tó lè jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ nítorí àwọn ìyá, kò yẹ kí ó di etí sí igbe àwọn ọmọbìnrin tó ń ká jọ lórí ẹní ní ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá lè gbé nọ́ọ̀sì kan sí géètì, tí ó sì gba ìwé dókítà láìyọ owó ọjọ́ náà, ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tòde òní nìyẹn.

Àbúrò mi ṣì wà láyé, ó ṣì ń gbàtọ́jú. Ní òru ọjọ́ tí mo wí yẹn, lẹ́yìn tí mo ti ka ìṣirò náà fún un ní Yorùbá, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, nínú ẹgbàárùn-ún, mẹ́wàá péré?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

N kò rí èsì fún un lóru ọjọ́ náà. Àpilẹ̀kọ yìí ni èsì mi. Bí ẹ bá ní orúkọ tó sàn ju *awọ aṣáko* lọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Tayọ̀tayọ̀ ni n óò fi ju tèmi nù. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà wà láìlórúkọ.

Ire o. Ó dìgbà kan ná.